Ìbàdí Ìyá Aránṣọ

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ yá mi létí. Ìtàn ìbàdí aránṣọ kan ni mo gbé dání.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìyá Aránṣọ fi dúró láàárín yàrá dókítà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Lábẹ́ ẹ̀rín yẹn, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ń ta á bí iná. Aládùúgbò kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò rí ló dẹ́rù bà á: ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá yẹ̀ níwájú dókítà, wọn á ní kó jáwọ́ nínú máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Ta ni yóò wá jẹ́ láìsí máṣíìnì?

"Ṣé ó dùn yín, Màmá?"

"Rárá o, Dókítà."

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan, ní kó dùbúlẹ̀. Ó ká orúnkún rẹ̀ wá sókè, ó yí ẹsẹ̀ náà sínú, ó yí i síta. Ó gbé kókósẹ̀ lé orúnkún kejì, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka tẹ egungun tó yọ ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ìyá Aránṣọ wa eyín pọ̀, ó sì tún rẹ́rìn-ín.

"N ò mà rí nǹkan kan," ni dókítà wí.

Ọkọ Ìyá Aránṣọ tó jókòó nídìí ilẹ̀kùn bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá wọn, ikùn lo fà wọnú yẹn o, bíi tàwọn oníbàárà rẹ! Dókítà, láti àná ló ti ń fẹsẹ̀ kan dúró nínú ilé bíi lékeléke."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun fúnra rẹ̀ ní í bá oníbàárà jà nídìí téèpù: "Ẹ tú ikùn yẹn sílẹ̀ jàre! Bẹ́ ẹ bá tàn mí lónìí, aṣọ á tú yín fó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọ̀ ọ́." Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Irọ́ tirẹ̀ ò tilẹ̀ tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ó mí kanlẹ̀. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

Dókítà tún yí ẹsẹ̀ náà, kò dùn ún; ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bí ìka ṣe kan egungun ẹ̀gbẹ́, igbe ta. Nígbà tó tún fẹsẹ̀ kan dúró, ojú rẹ̀ fà ro.

"Ẹ ṣé," dókítà wí. "Mo yí ẹsẹ̀ yín títí, kò dùn yín níbi tí itan ti pàdé ikùn, oríkèé ò ṣe nǹkan kan. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ló ń bínú. Ẹsẹ̀ wo lẹ fi ń tẹ máṣíìnì?"

"Ọ̀tún nìkan."

"Àga yín ńkọ́?"

"Kúkúrú ni. Káfíńtà yìí ló kàn án." Ó nawọ́ sí ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rín bàbá dá wáí.

"Ẹ gbé àga sókè, kẹ́ ẹ máa fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Màá kọ́ yín bẹ́ ẹ ó ṣe máa na iṣan yẹn."

"Máṣíìnì mi wá ńkọ́?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀?"

Nírọ̀lẹ́, oníbàárà kan dúró níwájú rẹ̀, ó fa ikùn wọnú, ó gbójú sókè. Igbe ti dé ọ̀nà ọ̀fun Ìyá Aránṣọ. Ó gbé e mì, ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó sì dúró dè é títí obìnrin náà fi mí síta fúnra rẹ̀.

Ẹnu káfíńtà náà ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tó ti ń kan ẹsẹ̀ gígùn mọ́ àga.