Ọkọ̀ Òfurufú Télọ̀ àti Iná Wẹ́dà

Télọ̀ kì í fara mọ́ òwú tó bá ń rọ̀. Bí ó bá jókòó ti ènìyàn nínú ọkọ̀, tí ó rí òwú kan létí kọ́là onítọ̀hún, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ títí yóò fi yọ àlùmọ́gàjí kékeré tó ń gbé inú àpò rẹ̀, tí yóò ní kí olúwarẹ̀ jọ̀ọ́ má mira. Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán bọ́tìnnì nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ti bá a bẹ àwọn èrò ọkọ̀ títí ó fi sú u.

Bàbá yìí ló jí lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rán ṣòkòtò, tó ní ọkọ̀ òfurufú ni òun fẹ́ máa wà. Kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń wọ̀ o. Èyí tí kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ ni, tí ènìyàn ń dúró sílẹ̀ fi rimóòtù darí. Ó gbẹ́ igi fúyẹ́fúyẹ́, ó fi aṣọ sílíìkì bo apá rẹ̀, ó ki ẹ̀rọ kékeré tó rà, èyí tí yóò máa gba àṣẹ rimóòtù, bọ̀ ọ́ nínú. Ọkọ̀ náà rẹwà, ẹni tó bá ní kò rẹwà, irọ́ ló pa. Àmọ́ kì í gbọ́ràn. Bó bá ti jìnnà díẹ̀, télọ̀ a ní kó yà sọ́tùn-ún, òun á kọrí sí ìdí igi. Á ní kó wálẹ̀ wẹ́rẹ́, ó di gbì, ó ti forí sọlẹ̀.

Télọ̀ kò wá ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ jìnnà. Wẹ́dà tó jẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní ìsọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí ọkọ̀ ti ń fò, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ pé bí ó bá ti ń jó irin, rédíò wọn á máa hó. Télọ̀ ní iná yẹn ló ń da ọkọ̀ òun lórí rú. Ó sọ ọ́ nílé, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tí imú ọkọ̀ sì tún ṣẹ́, ó lọ sọ ọ́ lójú àwọn oníbàárà wẹ́dà, ó ní kó má fẹsẹ̀ tẹ ilé òun mọ́ títí yóò fi kó ìsọ̀ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Wẹ́dà kàn dẹ́kun wíwá jẹun nílé wọn lọ́jọ́ Àìkú ni. Ó dun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé egungun, nítorí àwọn méjì péré ni ìyá wọn fi sílẹ̀ sáyé. Yóò gbé àwo kalẹ̀ fún un, yóò tún gbé e kúrò, ọkọ rẹ̀ á sì máa wo ògiri bí ẹni pé ìwé ìròyìn wà níbẹ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kó pa ẹ̀rọ, kó ti ìsọ̀, kó wá sí pápá. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé bí ọkọ̀ bá fò dáadáa lọ́jọ́ náà, òun fúnra òun ni yóò bẹ àbúrò òun kó kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Bí kò bá fò, kí télọ̀ mọ ẹni tí yóò bẹ̀.

Wẹ́dà dé, ó kí àna rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní kí wọ́n má tíì jẹ́ kó fò. Kí ẹ̀gbọ́n òun di ọkọ̀ mú nílẹ̀, kí télọ̀ máa gbé rimóòtù lọ, kó máa fi yí ìrù ọkọ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ibi tí ìrù bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni agbára rimóòtù mọ. Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rìn dé ìpẹ̀kun pápá. Kò tíì dé ìdí igi àkọ́kọ́ tí ìrù fi dákẹ́. Ó gbé rimóòtù sókè, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbá a lẹ́yìn. Ìrù kò mira.

Ìyàwó rẹ̀ dojú ọkọ̀ dé. Ó rántí pé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ń wọ́ lẹ́yìn ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tí wọ́n tú u nínú páálí. Wáyà ọ̀hún kò ju ìka kékeré lọ mọ́. Wọ́n gé e gún régé, wọ́n sì fi iná di ẹnu rẹ̀ roboto, bí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe okùn ọ̀rá kó má baà tú. Ẹ̀rín gbé e jókòó sílẹ̀.

“Bàálé mi, ìyókù wáyà yìí dà?”

Télọ̀ wò ó. “Ó ń rọ̀,” ló wí. “Mo kàn tún un ṣe ni.”

“Etí rẹ̀ lẹ gé, Bùrọ̀dá,” ni wẹ́dà wí. “Ọkọ̀ yín kò gbọ́ yín ni.”

Ojú ti télọ̀ gan-an. Ó gbé rimóòtù sílẹ̀, ó di ọwọ́ àna rẹ̀ méjèèjì mú. “Ojú àwọn oníbàárà yín ni mo ti bú yín. Ibẹ̀ náà ni màá ti bẹ̀ yín.”

Ó bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì gbé ohùn sókè bí ìgbà tó ń bú u. Wẹ́dà fi òjé jó wáyà tuntun mọ́ ẹ̀rọ, ọkọ̀ sì fò dé ìpẹ̀kun pápá, ó padà wálẹ̀ wẹ́rẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, wẹ́dà wà lórí àga rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wáyà rẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Ìyàwó télọ̀ rí i tí ojú ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, tí ó padà, tí ó tún lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ wá ń yọ́ wọ inú àpò. Télọ̀ wá àpò ọ̀tún, ó wá ti òsì.

“Ẹ máa jẹun,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Wẹ́dà kò gbójú sókè nínú àwo rẹ̀. Ó kàn rọra tẹ àpò ara rẹ̀ wò bóyá àlùmọ́gàjí àna rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.