Ẹ̀rọ Tó Ń Sùn Bí Òjò Bá Ṣú

Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Màámi, mo wá gbé e lọ ni... Rárá. Màámi, ó ti bàjẹ́. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ tó rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ rí látọjọ́ tí mo ti gbé e wá sílé yìí — òun ló wà lórí tábìlì níwájú mi, tí iná ara rẹ̀ ń ṣẹ́jú, tí Màámi sì ti rán aṣọ fún. Aṣọ o. Èyí tó ṣẹ́ kù lára aṣọ àwọn akọrin Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n fi rán ìbora fún un, kí eruku Iléṣà má baà kó sí i nínú.

Súkúrúdíráfà wà nínú báàgì mi. Màámi wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gúnyán nítorí mi. Bí ọmọ odó bá ti balẹ̀, àwọn ife inú kọ́bọ́ọ̀dù á gbọ̀n. Gbì — ṣìnrìn. Gbì — ṣìnrìn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ka ohun tí Màámi ń fi iṣu ṣàlàyé yìí: ohun tó bá lu ìsàlẹ̀, òkè á gbọ́.

Bí òjò ńlá bá ṣú, tí àrá ń sán, ìgbì á gbéra nínú afẹ́fẹ́. Á máa gòkè, á máa lágbára sí i bó ṣe ń lọ, títí á fi kọjá ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà, tí á dé ìpele tí oòrùn ti sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di oníná. Ayonosífíà. Á mi ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí sátẹ́láìtì ń sọ sí wa sì ní láti gba ibẹ̀ kọjá, ibẹ̀ á dá a dúró díẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí kò ju kó wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe pẹ́ tó lọ́nà. Ìgbà òjò gan-an ni mo nílò rẹ̀.

Màámi ńkọ́? Kí ojú ọ̀run tó ṣú tán, wọ́n ti yọ ọ́ lára iná. Wọ́n á yọ wáyà tó lọ sórí òrùlé pẹ̀lú, wọ́n á da aṣọ bo dígí, wọ́n á wá pè mí ní Òṣogbo. "Mo ti yọ ẹ̀rọ ẹ o. Kó aṣọ ẹ wọlé, òjò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín." Òótọ́ ni wọ́n sì máa ń sọ. Kí wákàtí méjì tó pé, òjò Iléṣà á ti dé bá wa. Láti ọdún kan ààbọ̀, òjò kò pa aṣọ mi lórí okùn rí.

Ṣùgbọ́n òjò mọ́kànlélógójì, ihò mọ́kànlélógójì nínú iṣẹ́ mi. Dókítà Béjidé tó ń bójú tó ìwádìí mi kò pariwo. Ì bá dára kí wọ́n pariwo. "Fẹ́yìsetán, gbogbo ìgbà tí òjò rọ̀ ni ẹ̀rọ ẹ sùn. Kí lo fẹ́ kọ sí Orí Kẹta? Gbé e lọ sí Ọ̀tan-Ilé, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní yọ ọ́, kí oṣù yìí tó parí, tàbí kí o wá ẹlòmíì tó máa buwọ́ lùwé fún ẹ." Wọ́n tọ̀nà. Ọdún mẹ́rin á kàn ṣòfò bẹ́ẹ̀...

Ṣebí mo ti bẹ Màámi. Ẹ̀ẹ̀melòó? Màámi, òjò ni ẹ̀rọ yìí ń ṣọ́; bí ẹ bá yọ ọ́, kí ló fẹ́ ṣọ́? "Mo ti gbọ́, ọmọ mi." Òjò á ṣú, wọ́n á yọ ọ́. Ẹni tó mọ ìbú èjìká gbogbo akọrin ìjọ wọn lórí, tí kì í wo ìwé — ọ̀rọ̀ tèmi yìí nìkan ni kì í dúró lọ́kàn wọn.

Bí mo bá sì gbé e lọ, ta ni wọ́n á máa kí láàárọ̀? Ọdún kẹta rèé tí Bàámi ti kú. Bushrah tó háyà yàrá iwájú ló sọ ọ́ fún mi, tẹ̀ríntẹ̀rín: "Àǹtí, Màmá ti fi orúkọ yín sọ ẹ̀rọ yẹn o. Kí wọ́n tó yọ ọ́, wọ́n á ní, Fẹ́yìsetán, sún sẹ́yìn." A jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní ó dáa, mo ti ní àbúrò.

Yàrá ti ń ṣókùnkùn. Ọ̀sán gangan. Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá Èkìtì...

Odó ti dákẹ́.

Bí mo bá kàn jókòó síwájú ẹ̀rọ yìí ńkọ́? Bí mo bá ní, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, òjò kan péré. Òjò ńlá kan á gba Orí Kẹta là, ẹ̀rọ á sì dúró tì wọ́n. Wọn ò kúkú lè fi agbára tì mí kúrò. Mo gbé ọwọ́ lé e. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ìbora rẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n wa náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà. Mo fẹ́ràn kí n máa fọwọ́ nu ojú rẹ̀, kó máa ta mí lọ́wọ́ ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́. Òjò ń ṣú. Màámi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n gbójú sókè... "Fẹ́yìsetán, sún —" Àrá dé kí ọ̀rọ̀ náà tó parí. Ilé ìwòsàn ni mo ti lajú. Àpá rẹ̀ ló wà lára ọwọ́ mi tí mo gbé lé ìbora yìí. A kì í sọ ọ́ nílé wa. Màámi ò sọ ọ́ rí.

Sún sẹ́yìn.

Ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ wọn pẹ́ lọ́nà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń tètè sọ ọ́. Ìgbà mọ́kànlélógójì, nínú yàrá tí n kò sí. Èmi tí mo ń fi ẹ̀rọ díwọ̀n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pẹ́ lọ́nà — èyí gba ọdún méjìlélógún kó tó dé etí mi.

Màámi mi.

Ẹ̀rọ á lọ sí Ọ̀tan-Ilé. Mo máa sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí, lẹ́yìn iyán, láìpurọ́. Ẹsẹ̀ wọn ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń yá ju bó ṣe máa ń yá lọ. Ilẹ̀kùn ṣí. Iyán ṣì wà lára ọwọ́ wọn. Wọn ò wo ẹ̀rọ, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò.

Wọn ò tíì lanu. Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo sì sún sẹ́yìn.