Àgbélébùú Agafon ní Grumant

A kò tíì so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ tán tí Yerofei, ọ̀gá ọkọ̀ wa, fi ń nàka sórí àpáta tó wà létí òkun.

"Igi yẹn ni," ó wí. "Òun ló fọ́ ọkọ̀ mi àtijọ́. Lónìí ni màá gé e lulẹ̀."

Àgbélébùú ńlá ló ń pè ní igi. Agafon, ẹ̀gbọ́n mi, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún tó lò kẹ́yìn láyé. Zosima ọmọ rẹ̀ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀, nítorí òun ni igbákejì atukọ̀ wa. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Àwa ará Mezen, ìlú àwọn atukọ̀, kì í fi àgbélébùú ṣeré. Níbi tí àwọn bàbá wa bá gúnlẹ̀ sí ní Grumant, erékùṣù yìnyín tí a dé yìí, wọn á ri ọ̀kan mọ́lẹ̀, wọn á fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn á sì na apá rẹ̀ kan sí àríwá, èkejì sí gúúsù, kí ẹni tí kùrukùru bá bò lójú omi lè mọ ibi tó dorí kọ. Àwọn àgbà wa sọ fún wa pé nígbà tí àwọn ará Holland gbé ìkòkò ńláńlá wọn dé láti se ọ̀rá àbùùbùtán, àgbélébùú wa ni wọ́n bá tó ń wò wọ́n láti orí òkè. Mo gbà wọ́n gbọ́. Bí mo bá ti ń rí ilẹ̀ náà lókèèrè, ẹnu mi kì í dákẹ́:

Grumant, erékùṣù lórí erékùṣù,
Olókè ṣóńṣó bí ehín ajá tó ń bínú.
Ilẹ̀ tí igi kan kò hù sí,
Tí òkun ń ru igi wá fún láti ọ̀nà jíjìn.
Odò tìrẹ kì í ṣàn, rírìn ló ń rìn,
Bó bá dé etí omi, a ya lulẹ̀ bí àrá.
Oòrùn tìrẹ kì í wọ̀ nígbà ooru,
Nígbà òtútù, kì í yọjú rárá.
O gba bàbá wa lálejò, o gba bàbá wa sin.
Ọlọ́run tó dá ọ kò dá ọ fún ojo.

Ilẹ̀ irú èyí ni Yerofei fẹ́ ti pa orúkọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́.

Ó gbé kọ́ńpáàsì rẹ̀ jáde, ó nà án sí wa lójú. "Ẹ wo ibi tí abẹ́rẹ́ yìí kọjú sí, kí ẹ wá wo ibi tí apá igi yẹn nà sí. Àbí ojú mi ló wọ́?"

Lóòótọ́, wọn kò bára mu rárá.

"Bàbá Yerofei," ni Zosima wá wí, "ẹ̀yin náà mọ̀ pé abẹ́rẹ́ máa ń ya wèrè níhìn-ín."

"Ẹ gbọ́ o! Abẹ́rẹ́ ló ya wèrè, bàbá rẹ̀ ló gbọ́n! Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ mi fọ́, àgbélébùú ní kí n lọ sọ́tùn-ún, kọ́ńpáàsì ní kí n lọ sósì. Mo bá gba àárín."

"Kí ló wà láàárín?" Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

"Òkúta ni, Tikhon! Òkúta! Má bi mí ní ìbéèrèkúbèérè."

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Zosima kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí oòrùn dá ẹjọ́ yìí," ó wí. "Bí àgbélébùú bá gún, lọ́sàn-án gangan òjìji apá rẹ̀ á wọnú òjìji òpó, á ku ẹyọ ìlà kan ṣoṣo nílẹ̀. Bó bá wọ́, ọwọ́ èmi fúnra mi ni màá fi gé e. Bí a bá délé, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, màá sọ fún gbogbo ènìyàn pé bàbá mi ló ṣi yín lọ́nà."

Ọmọ yìí ti fi orúkọ bàbá rẹ̀ lélẹ̀ láàárín wa.

"Ó dáa," Yerofei fèsì. "Ṣùgbọ́n èmi ni màá máa sàmì sí òjìji. Mi ò ní jẹ́ kí ọmọ Agafon rẹ́ mi jẹ."

Bí ẹni pé oòrùn gbọ́, ó sá. Kùrukùru jókòó lé wa lórí, a kò rí nǹkan kan. À ń jẹ búrẹ́dì dúdú àti ẹja gbígbẹ, à ń pa ẹran òkun eléhín gígùn létí omi, Yerofei sì ń kọrin yẹ̀yẹ́ nípa atukọ̀ tí ìyá rẹ̀ bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Zosima máa ń lọ kúnlẹ̀ nídìí àpáta, á gbàdúrà pẹ́.

Mo lọ bá a níbẹ̀.

"Bàbá Kékeré, bó bá wọ́ ńkọ́?" ó bi mí.

"Kò wọ́."

"Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó ri í ni?"

"Mi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó ri í ni mo mọ̀."

"Wọ́n ní àìsàn ti mú un nígbà yẹn, pé eyín rẹ̀ ń mì, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́."

"Àìsàn ló ṣe é, kò ya òmùgọ̀. Dìde, orúnkún rẹ ti tutù."

Èmi náà wá kúnlẹ̀ sípò rẹ̀ nígbà tó lọ tán, nítorí àyà ń já mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kùrukùru ká kúrò bí ẹní. Oòrùn yọ sí wa, òjìji àgbélébùú nà sórí òkúta pẹ̀lú apá méjèèjì. Yerofei ri òpó ìgbòkun kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń fi òkúta wẹ́wẹ́ sàmì sí ibi tí orí òjìji rẹ̀ bá dé. Bí òjìji náà bá ti kúrú jù lọ, ọ̀sán gangan nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni òjìji apá àgbélébùú ń sún mọ́ òjìji òpó rẹ̀.

Lójijì ni Yerofei pariwo. Ó ti gbé kọ́ńpáàsì sílẹ̀.

"Oòrùn ti dé gúúsù! Abẹ́rẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀! Apá rẹ̀ rèé, ó ṣì yọ gbọọrọ! Agafon, ó parí!"

Ara Zosima funfun bíi yìnyín. Ó ṣí fìlà, ó fẹ́ lọ mú àáké.

"Ẹ dúró ná," ni mo wí. "Yerofei, òkúta wẹ́wẹ́ rẹ ńkọ́?"

Gbogbo wa wolẹ̀. Òjìji òpó ìgbòkun ti kúrò lórí òkúta tí Yerofei gbé kalẹ̀ kẹ́yìn, ó ń fà sẹ́yìn. Ó ṣì ń kúrú, ọ̀sán gangan kò tíì tó! Yerofei gbé òkúta mìíràn, ó fi í sínú, níhà ìdí òpó ìgbòkun. Ó tún gbé òmíràn. Òjìji apá àgbélébùú ń tín-ín-rín, ó di ìka, ó di okùn, ó wọnú òjìji òpó àgbélébùú. Ẹyọ ìlà kan ṣoṣo ló kù lórí òkúta, ó gún bí ọ̀pá ọba.

Yerofei kúnlẹ̀, ó wo òjìji òpó ìgbòkun rẹ̀. Nígbà tó máa gbé òkúta tó tẹ̀ lé e kalẹ̀, ìta ló bọ́ sí. Òjìji ti ń gùn padà.

Ọkùnrin arúgbó náà dìde, ó ṣí fìlà, ó lọ fẹnu ko òpó àgbélébùú náà lẹ́nu.

"Agafon, alágídí," ó wí. "O bá mi jà láyé, o tún wá kú tán kí o tó borí mi."

Mo gbé ohùn sókè, mo ki ẹ̀gbọ́n mi tìrantìran, mo kì í dórí bàbá ńlá wa, omi ń bọ́ lójú mi, àyà mi sì tóbi ju òkè lọ. Zosima kò yangàn. Ó ní kí a wá to òkúta sídìí àgbélébùú náà, kí ìjì má baà yẹ̀ ẹ́ láéláé.

Èyí tó tóbi jù lọ ni Yerofei bẹ̀rẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ rọra o, ẹ̀yìn yín!"

"Panu mọ́! Ṣé bàbá tìẹ nìkan ló lágbára ni? Gbé apá ọ̀hún, ìwọ atukọ̀. Ìwọ lo máa mú wa jáde lọ́la."