Àwọn Bíyì Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Pélagie

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Pélagie nígbà tí bàbá Fabrice, olùkọ́ wọn, nà án ní ẹgba méjìlá níwájú gbogbo ilé-ìwé ní Idigny. Wọ́n ní ó jí bíyì, àwọn ọmọ gíláàsì róbótó tí àwọn ọmọdé máa ń fi àtàǹpàkò ta nínú iyẹ̀pẹ̀. Kò jí nǹkan kan. Ṣe ló jẹ wọ́n nínú eré lọ́wọ́ Fabrice, ọmọ olùkọ́ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Fabrice sunkún lọ bá bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì gba agolo bíyì Pélagie, ó kó o fún ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Olè Bíyì, títí ó fi kúrò ní abúlé.

Ó di agbẹ̀bí ní Kétu, ó lọ́kọ, ó bímọ. Síbẹ̀, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fa ìlà yípo sí ẹ̀yìnkùlé, á lóṣòó, á máa ta bíyì. Arnaud ọkọ rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń múra sílẹ̀ dè.

"Ẹnì kan ni," ni Pélagie dá a lóhùn.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé Fabrice wá ṣe ọ̀gá ilé-ìwé tí Gloria, àbíkẹ́yìn Pélagie, ń lọ. Lọ́jọ́ àjọ̀dún ìparí ọdún, Fabrice tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn lábẹ́ igi máńgòrò, ó to bíyì sí i. Ogún ọdún ló fi kó wọn jọ. Ó ń ṣàlàyé fún àwọn òbí: èyí ni alámọ̀, tí àwọn bàbá wa fọwọ́ yí, tí wọ́n sun nínú eérú gbígbóná, èyí ni ekùrọ́ tí wọ́n fi òkúta ha títí ó fi dán, èyí ni irin, tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó bàjẹ́, àwọn gíláàsì wọ̀nyí, ọ̀nà Nàìjíríà ni wọ́n gbà wọlé.

"Mẹ́sàn-án tó wà láàárín yìí ńkọ́?" ni òbí kan béèrè.

"Mo jẹ wọ́n ní Idigny nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Kò sẹ́ni tó lè ta á bí èmi nígbà náà."

Pélagie wò wọ́n. Ó rí aláwọ̀ ewé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya bíńtín, èyí tó já bọ́ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀ sórí òkúta nígbà èwe. Ara rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Ó bọ́ síwájú.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ta á kí àwọn ọmọ rí i. Èmi náà mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ohun tí èèyàn bá ta jáde, tirẹ̀ ni, bí a ti ń ṣe é láyé àtijọ́."

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Fabrice kò dá a mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú.

Wọ́n fa ìlà yípo sí iyẹ̀pẹ̀, Fabrice to ogún bíyì sínú rẹ̀. Pélagie ta mẹ́rìndínlógún jáde kí ó tó kan Fabrice láti ta. Fabrice tàsé. Ó tún to ogún míì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, òógùn ti bo ojú rẹ̀.

"Màdáámù, ó tó bẹ́ẹ̀. Eré la ń ṣe."

"Ẹ to àwọn tó kù."

Fabrice wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Pélagie?"

"Èmi ni."

"Ọmọdé la jẹ́. Bàbá mi ti kú. Jọ̀ọ́, má dójú tì mí níwájú àwọn ọmọ yìí."

"Níwájú àwọn ọmọ ni wọ́n ti nà mí. Sọ ẹni tó ni mẹ́sàn-án yẹn fún wọn, n ó dá ìyókù padà."

Fabrice wo àwọn òbí, ó wo àwọn olùkọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò lè sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó to àwọn tó kù. Pélagie ta gbogbo wọn jáde.

Ó kó mẹ́sàn-án sínú àpò. Ó wá fẹnu ara rẹ̀ ro ẹjọ́ náà fún àwọn òbí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì kánjú. Lẹ́yìn náà ló da ìyókù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa kó o. Tiyín ni."

Wọ́n rọ́ lù ú. Àwọn alámọ̀ fọ́ mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Sandrine, ìyàwó Fabrice, kúnlẹ̀, ó ń ṣa èyí tó lè rí ṣà. Fabrice kò mira.

"Màmá, ẹ̀ bá ti yọ àwọn alámọ̀ sọ́tọ̀," ni Gloria wí bí wọ́n ṣe ń lọ sílé. "Kò sẹ́ni tó ń ṣe é mọ́."

Pélagie di àpò mú, ó ń lọ. Gloria kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi délé. Ìyẹn dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹun dáadáa.

Nígbà ìsinmi, Arnaud gbọ́ pé Fabrice ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sí ilé-ìwé míì ní ìlú Pobè. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Pélagie béèrè pé ilé-ìwé wo ni Fabrice ń lọ ní Pobè.