Ọ́ìlì Tó Ń Pọ̀ Sí I

"Ẹ wá wo alùbáríkà!"

Alààjì Ọládipọ̀ fa géèjì ọ́ìlì yọ nínú ẹ́ńjìnnì, ó gbé e sókè bí ẹni tó pa ẹfọ̀n. Ọ́ìlì ti ga kọjá àmì òkè. "Ọkọ̀ ẹlòmíì ń mu ọ́ìlì, tiwa ń bí sí i!"

Òun ni alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn wa ní Ìfọ́n, níbi tí èmi Munirah ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn ọmọ ìlú dáwó ra ọkọ̀ tuntun pé kí a máa fi gbé aláboyún lọ sí Òṣogbo. Alààjì sọ ọ́ di tilé rẹ̀. Ó ń fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ó ń fi gbé ìyàwó lọ sí Ìlobù. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, wọ́n á ti dé.

Tèmilọlá, ẹnjiníà tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Òṣogbo, ti kúnlẹ̀ kìlọ̀ fún un. "Alààjì, ọkọ̀ onítọ́bò ni, sà, èyí tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi rin ibi tí kò jìnnà, bẹntiróòlù á máa jò sínú ọ́ìlì, á sì máa sọ ọ́ di omi títí ẹ́ńjìnnì á fi kú. Ẹ ra ojúlówó ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ sọ, èyí tó ki díẹ̀, kí ẹ sì máa tètè pààrọ̀ rẹ̀."

"Ọmọ, mo ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí ọ."

Ọ́ìlì inú kẹ́ẹ̀gì tó ṣàn bí omi ló rà ní ṣọ́ọ̀bù àna rẹ̀. Àtìgbà náà, kò pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní ta ní í pààrọ̀ ohun tó ń pọ̀ sí i?

Mo ní, "Alààjì, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bẹntiróòlù ni."

Ó gbóòórùn rẹ̀. "Òórùn ọkọ̀ tuntun ni."

Ṣìọ̀! Agbádá ńlá, orí òfìfo. Ṣùgbọ́n òun ni alága.

Lọ́jọ́ tí ọmọ inú Rísíkátù, ọ̀kan nínú àwọn aláboyún wa, fẹsẹ̀ ṣáájú, inú ọkọ̀ yẹn la gbé e sí. A ò tíì kúrò ní Ẹ̀rìn tí ẹ́ńjìnnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbàgbàgbà, ó sì kú fin-ín. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí, òógùn bò ó. Èmi wà lójú títì, mò ń ju ọwọ́ sí gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá. Nígbà tí bọ́ọ̀sì àwọn oníṣòwò máa fi gbà wá, ẹsẹ̀ ọmọ ti jáde, orí há. Ọkùnrin ni. Kò ké.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Alààjì wá kí Rísíkátù nílé. Ó jókòó, agbádá rẹ̀ gba gbogbo àga.

"Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Àmúwá Ọlọ́hun ni. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Rísíkátù kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fún ọmú tó le koko sínú abọ́. Kò yíjú padà.

"Ẹ ṣeun, sà. Ta ló dà á nù?"

Alààjì wo mí. Ó wo ìyá ọkọ Rísíkátù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.