Irùngbọ̀n Bàbá Sàbítù

Mounira kò gbèrò ibi sí Bàbá Sàbítù. Iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn láàárọ̀ Àlàmísì ọjọ́ náà. Arúgbó mọ́kànlá ló wà nílé ìtọ́jú tó ti ń ṣiṣẹ́ ní N'Gattakro, àdúgbò kan nílùú Bouaké ní Ivory Coast, òun àti ẹnì kan péré ló sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ fún gbogbo wọn kí oúnjẹ àárọ̀ tó délẹ̀. Madame Larissa, ọ̀gá wọn, ti pàṣẹ pé kí wọ́n fá irùngbọ̀n àwọn ọkùnrin. Ó ní ògì ń gbẹ mọ́ ọn, fífọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ àkókò.

Bàbá Sàbítù ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Sàbítù lorúkọ àbísọ rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, abọ́ tánganran ló sì tà lọ́jà Bouaké títí rọpárọsẹ̀ fi mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Qoreebah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ṣe tíṣà ní Abidjan. Irùngbọ̀n bàbá funfun bí òwú, ó gùn kan àyà.

Bí Mounira ṣe gbé màṣíìnì ìfárí sún mọ́ ọn, bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè, ó fi bo àgbọ̀n.

"Má ṣe é," ló wí.

Mounira rẹ́rìn-ín. "Bébé mi, jókòó jẹ́ẹ́. Kò ní dùn ẹ́."

Bí wọ́n ṣe ń bá gbogbo arúgbó ibẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé ọwọ́ bàbá kúrò, ó dì í mú mọ́ itan rẹ̀, ó sì fá irùngbọ̀n náà kanlẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Jímọ̀, bàbá kò jẹun. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ojú, ó kọjú sí ògiri. Mounira fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, kò gbóná. Karim, awakọ̀ takisí tó máa ń gbé bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọlé lọ bá a, ṣùgbọ́n òun nìkan ló jáde padà.

"Àbúrò, ta ló fá irùngbọ̀n bàbá?" ló bi Mounira. "Ó ní òun ò lè gbé ojú yìí wọ ilé Ọlọ́run. Irùngbọ̀n yẹn ni wọ́n máa ń rí lókèèrè lọ́jà tí ìjà á fi tán."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ó rántí bàbá tirẹ̀ ní Béoumi, tí ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí ẹnì kan bá di ọwọ́ ìyẹn náà mú bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ ní kí n má ṣe é. Mo gbọ́, mo sì ṣe é."

Bàbá yíjú kúrò lára ògiri. "Irùngbọ̀n á hù, ọmọ mi. Ọwọ́ tí o dì mú ló ń dùn mí. Òun nìkan ló kù tí mo fi lè sọ pé n kò fẹ́. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Mo gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí ọmọ fi ọmú há a lọ́fun."

Mounira lọ bá ọ̀gá rẹ̀ tààrà. "Madame, ẹ jẹ́ ká máa bi wọ́n ká tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ká sì máa fi orúkọ wọn pè wọ́n."

"Èèyàn mọ́kànlá, Mounira! Ìgbà wo lo máa parí?"

"Màá máa tètè dé."

Madame Larissa mí kanlẹ̀. Ó ní kí wọ́n dán an wò fún oṣù kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, Qoreebah dé láti Abidjan. Ó rí ojú bàbá rẹ̀, ó figbe ta. "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni," ni Mounira dáhùn.

Qoreebah bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ní òun á kọ ìwé ẹ̀sùn.

"Ó ti bẹ̀ mí," ni bàbá wí. Kò sọ bóyá òun ti dárí jì í. Ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. "Ìwọ náà ńkọ́, Qoreebah? Ṣé o bi mí kó o tó gbé mi wá síbí?"

Qoreebah wolẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ báyìí?"

"Mo fẹ́ lọ sọ́jà lọ kí àwọn ẹgbẹ́ mi tó kù níbẹ̀. Ẹ wé láwàní fún mi, kó bo àgbọ̀n."

Mounira mú láwàní wá látinú àpótí bàbá. "Bàbá, ṣé kí n bá yín wé e?"

"Rárá," ni bàbá wí. "Jẹ́ kí Qoreebah wé e."

Mounira gbé aṣọ náà lé Qoreebah lọ́wọ́, ó sì jáde lọ pe Karim.