Àyè Tó Ṣófo Lórí Bẹ́ǹṣì

Láti ìgbà tí ìyàwó káfíńtà ti kú ni kò ti dé ilé ìjọsìn mọ́. Kì í ṣe pé ó bá Ọlọ́run jà. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù" ló sú u. Bó bá bọ ẹnì kan lọ́wọ́ tán, ẹlòmíì á tún dì í mú, títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bá bá a ṣe fóònù rẹ̀ kó lè máa gbọ́ ìsìn níbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, á gbé fóònù sórí tábìlì iṣẹ́, á jókòó tì í. Kì í jókòó pẹ́. Á dìde, á gbá èérún igi jọ, á mú òòlù, á tún gbé òòlù sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ń kọrin, ọkàn rẹ̀ kò kàn balẹ̀ rárá. Nǹkan kan dín nínú orin náà. Ó pẹ́ kó tó mọ̀ pé ohùn Bàbá Aránbàtà ni. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Baba kì í bá ìjọ parí orin. Bí gbogbo ènìyàn bá ti ṣe "Àmín" tán, tirẹ̀ ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà ayé rẹ̀, ìyàwó káfíńtà a máa sọ pé ẹsẹ̀ ni Àmín yẹn fi ń rìn.

Nígbà tó tún di Ìsinmi kejì, kò gbọ́ ọ. Ó pe Baba, fóònù kò wọlé. Ó pe ọmọ tirẹ̀ obìnrin, ó sọ fún un.

"Bóyá ó rìnrìn àjò ni, Bàbá."

"Ta ló fẹ́ lọ bá? Kò ní ẹnì kankan."

"Ẹ kúkú lọ wò ó."

Ó fi fóònù sílẹ̀ níbi tí pásítọ̀ ti ń wàásù nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ iṣẹ́ lọ sí ilé ìjọsìn. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti pàdé obìnrin tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀.

"Ìyá, Bàbá Aránbàtà dà?"

"A rò pé ó ń gbọ́ ìsìn lórí fóònù bíi tiyín ni. Ẹni tí a kò bá ti rí, ohun tá à ń sọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ káfíńtà lára. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, ìyá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n bá Baba lórí ẹní, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ńlá tó fi ń rán bàtà ló já gún un lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ ti wú dé orúnkún, kò lè dìde. Omi díẹ̀ ló kù nínú kẹ́tùlù.

"Mo ní o ó béèrè mi," ni Baba wí.

 Káfíńtà pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọdé, ó di ilé ìwòsàn. Dókítà ní ká ní ó fi ọjọ́ méjì pẹ́ sí i ni, wọn ì bá gé ẹsẹ̀ náà.

Ní Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, káfíńtà jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n tún bọ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n tún kí i, ojú rẹ̀ sì tún pọ́n, kò sá. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò sinmi. Ó ń yíjú kiri, ó ń ka àwọn àyè tó ṣófo.

"Obìnrin tó máa ń jókòó síbẹ̀ yẹn, tó ń ta ìwé nílé ẹ̀kọ́, dà?" ó bi ìyá agbálẹ̀. "Ta ló mọ ilé rẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Káfíńtà ti dìde láti lọ wá a.